Kọ́ọ̀sì ìrìn inú igbó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, Maryland: ẹ bá mi dá sí i

ArìnrìnLaurel

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tó wà nítòsí wa ní ẹ̀ka kan tó ń ṣe kọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti oyè: aṣọ rírán, kéèkì, èdè Sípéènì, kọ̀ǹpútà fún àwọn àgbà. Ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́ pé mo máa ń rìn nínú igbó ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ní kí n kọ ìlànà kọ́ọ̀sì kan wá fún ìgbà ìwọ́wé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n fi mú àwọn ará àdúgbò mọ àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó yí wa ká.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ká lo ìrọ̀lẹ́ kan nínú kíláàsì, lẹ́yìn náà ká máa jáde: páàkì Patapsco, òkè Sugarloaf, Billy Goat Trail létí odò Potomac. Mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀. Láti Laurel dé Bowie, dé Lanham, dé Hyattsville, a pọ̀ jaburata, ṣùgbọ́n bí mo bá wọ inú igbó, ó máa ń pẹ́ kí n tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ wo ló máa rọrùn? Kí ni kí n kọ sínú ìwé náà tí wọn ò fi ní dá a padà?

AláwadàKan

Ẹ dúró ná. Kí èèyàn sanwó kó tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn? Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkìrun, ọ̀fẹ́ ni, tòun ti korobá omi lórí. Àwa tá a sá fún ìrìn wá sí Amẹ́ríkà, tá a ń san owó mọ́tò lóṣooṣù, ẹ tún fẹ́ dá wa padà sídìí ẹ̀.

Ó dáa, mo ti ṣe yẹ̀yẹ́ mi tán. Èló ni?

ÌyáÌbejì_Bowie

Arìnrìn, ẹ má dá Aláwadà lóhùn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ga, ó ní kí n máa rìn. Inú ilé ìtajà ńlá ni mo ti ń rìn yípo láàárọ̀, mo ń wo bàtà tí mi ò fẹ́ rà, ó ti sú mi. Igbó kan wà lẹ́yìn ilé wa gan-an, tó ní ọ̀nà tó dáa, mi ò wọ̀ ọ́ rí. Mi ò mọ ibi tó já sí, mi ò mọ irú ejò tó wà níbẹ̀, mi ò mọ ẹni tí màá pè tí mo bá ṣìnà. Owó ẹni tó mọ̀nà ni màá san, Aláwadà, ẹsẹ̀ mi wà lọ́wọ́ mi.

Àmọ́ orúnkún mi kì í ṣe ti ọmọge mọ́ o. Tí ẹ bá fi àpáta bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní rí mi lọ́sẹ̀ kejì.

Tíṣà_Baltimore

Mo ń kọ́ni ní aṣọ rírán ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, iye èèyàn. Gbogbo kọ́ọ̀sì ló ní iye tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí kí ó tó wáyé. Bí ẹ ò bá pé iye yẹn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n á fagi lé e, wọ́n á dá owó padà fún àwọn tó ti san. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó máa wà nínú ìwé àkójọ kọ́ọ̀sì fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ìlànà tí ẹ máa kọ lọ. Ẹ má kọ "ìrìn tó gbádùn mọ́ni". Ẹ kọ iye máìlì, ẹ kọ bí wọ́n ṣe máa gòkè tó, ẹ kọ bóyá òkúta wà lójú ọ̀nà, ẹ kọ wákàtí tí wọ́n máa padà dé ìdí mọ́tò wọn. Àwọn èèyàn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn á lè ṣe é.

Ìkejì, àwọn àgbà. Ní Maryland, ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ yìí tó sì ti pé ẹni 60 ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ owó ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, owó àfikún nìkan ni yóò san. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn bóyá kọ́ọ̀sì yín á bọ́ sábẹ́ ètò náà, nítorí kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ti oyè ló máa ń bọ́ sí i. Bó bá bọ́ sí i, àwọn ìyá àti bàbá tó wá bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ níbí, tí wọ́n jókòó sílé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ni yóò kún kíláàsì yín.

Ìkẹta ni mọ́tò. Ẹ má gbé ọmọ kíláàsì kankan sínú mọ́tò yín, kódà bó bá bẹ̀ yín. Kí kálukú wa ọkọ̀ tirẹ̀, kí ẹ pàdé ní ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó ewu ní kọ́lẹ́ẹ̀jì á ní kí gbogbo wọn buwọ́ lu ìwé pé àwọn mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

ArìnrìnLaurel

Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ńkọ́? Ṣé ojú ọ̀nà gbogbo ayé kọ́ ni?

Tíṣà_Baltimore

Ti gbogbo ayé ni, títí dìgbà tí owó bá wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń kó èèyàn wọ páàkì ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n sì sanwó fún un, wọ́n lè ní kí ẹ gba ìwé àṣẹ okòwò. Billy Goat àti C&O Canal, odò tí wọ́n gbẹ́ láyé àtijọ́ fún ọkọ̀ ojú omi, wà lábẹ́ wọn. Patapsco jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Sugarloaf tiẹ̀ yàtọ̀, ilẹ̀ aládàáni ni: Gordon Strong ló dá àjọ Stronghold sílẹ̀ láti máa tọ́jú òkè náà, àwọn ló sì ṣí i fún aráàlú. Àwọn mẹ́ta yìí, lẹ́tà mẹ́ta. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá yín kọ ọ́ lórí ìwé tiwọn.

ỌmọÌdànrè

Mo ti ń dúró kí ẹnìkan sọ ọ́, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Arìnrìn, ẹ yọ Billy Goat kúrò.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀ o. Apá A rẹ̀ kò ju máìlì 1.7 lọ lórí ìwé, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Láti orí òkúta dé orí òkúta ni, èèyàn á máa fò, á máa fi ìdí wọ́, ibì kan sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ máa fi gun ara àpáta, tí odò Potomac ń hó nísàlẹ̀. Bí ẹnìkan bá dá dúró láàárín ibẹ̀ tí ẹ̀rù bà á, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró nìyẹn. Wọ́n kì í jẹ́ kí ajá wọ apá yẹn pàápàá. Ẹ fẹ́ kó ÌyáÌbejì lọ síbẹ̀?

Ibi tí èmi á ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú ọ̀nà C&O Canal, ní Great Falls, tòsí Billy Goat yẹn náà, ìsàlẹ̀ níbi tó tẹ́jú. Ọ̀nà tí àwọn ìbaaka ń tọ̀ láyé ijọ́un ni, wọ́n á máa fi okùn fa ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó gùn ní máìlì 184.5, láti Georgetown dé Cumberland, ẹnu ibodè omi 74, tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ gòkè sọ̀kalẹ̀, ló sì wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ rìn ín tán. Máìlì méjì lọ, méjì bọ̀, ẹ ó ti mọ ẹni tó ń yára jù, ẹni tó ń mí gúlegúle, àti ẹni tó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wá. Gbogbo ohun tí ẹ nílò láti mọ̀ nípa kíláàsì yín wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Patapsco, ọ̀nà Cascade Falls. Omi kékeré kan ń ṣàn gba ìsàlẹ̀, ẹ ó máa tẹ òkúta kọjá, òkúta náà sì ń yọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ ilẹ̀: kí wọ́n gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé òkúta, kí wọ́n má fi ọmọ ìka tẹ ẹ́, kí wọ́n má sì fo sórí òkúta tó tutù. Ní Sugarloaf, kí ẹ pín kíláàsì sí méjì. Òkè yẹn ga tó 1,282 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun, àmọ́ mọ́tò ń gbé èèyàn gòkè dé tòsí. Láti ibùdókọ̀ West View, àtẹ̀gùn òkúta wà lójú ọ̀nà aláwọ̀ ewé, kò gùn rárá. Àwọn orúnkún gba ibẹ̀. Àwọn tó lágbára gba ọ̀nà aláwọ̀ búlúù, máìlì 5 yípo. Kí gbogbo wọn pàdé láti jẹun.

Àwọn tó ṣe àtẹ̀gùn òkè wa ní Ìdànrè fi ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, torí wọ́n mọ̀ pé èèyàn á rẹ̀. Níbí, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ibi ìsinmi yẹn. Ẹ má dúró kí wọ́n tó bẹ̀ yín.

AláwadàKan

"Àwọn orúnkún gba ibẹ̀." Mo ti rí ẹgbẹ́ tèmi. Ẹgbẹ́ Orúnkún, ẹ kú ìpéjọ o.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀, tèmi á gùn.

Ejò tí ÌyáÌbejì ń bẹ̀rù wà lóòótọ́. Copperhead àti rattlesnake lolóró ní Maryland. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fẹ́ yẹra fún wa. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tàbí abẹ́ igi tó ṣubú, ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ jókòó sí, ó parí. Ohun tí èmi ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ju ejò lọ ni eégbọn. Eégbọn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú ló ń kó àrùn Lyme bá èèyàn, ọmọ rẹ̀ sì kéré débi tí ojú lásán fi máa ń fò ó. Ẹ ki sòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ fi permethrin, oògùn tó ń pa kòkòrò, sára aṣọ àti bàtà, kì í ṣe sára awọ. Bí ẹ bá délé, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ, ẹ wẹ̀, ẹ wo abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, etí, ìdí, àti àárín irun. Ẹ̀yin tó ṣe dídì sórí, ẹ pín irun náà wò ní ìlà ìlà, ẹ má kàn fọwọ́ pa á.

Bí ẹ bá rí i pé ó ti lẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóṣóró mú un ní ìsúnmọ́ awọ, kí ẹ fà á sókè tààrà. Ẹ má fi kẹrosíìnì, ẹ má fi Vaseline, ẹ má sì finá sí i. Ó sábà máa ń gba ju wákàtí 24 lọ lára kí ó tó kó àrùn yẹn ranni, nítorí náà àyẹ̀wò alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló ń gbani. Bí awọ bá pọ́n tó sì ń fẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà. Kí ẹ rántí pé lára awọ dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn kedere bí wọ́n ṣe ń yà á sínú ìwé. Ó lè dà bíi pé awọ kàn dúdú sí i tàbí pé nǹkan ló gbá a. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ igbó, ẹ má dúró kó béèrè.

Poison ivy ńkọ́, ewé tó máa ń mú ara yún? Ewé mẹ́ta mẹ́ta ló ń wà lórí ọ̀pá kan. Ẹni tó bá mọ wèrèpè ti mọ àbúrò rẹ̀. Epo ara ewé náà máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ fọ aṣọ náà lọ́tọ̀.

Èyí tó kan àwa gan-an: ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ wọ kọ́ọ̀sì yìí láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ́ AS lè rìn dáadáa, àmọ́ bí omi bá gbẹ lára rẹ̀ nínú ooru, tó sì ń fi agbára gòkè, wàhálà lè ṣẹlẹ̀. Kí ó máa mu omi, kí ó máa sinmi, kí ó má bá ẹnikẹ́ni sá eré. Àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀, kí àwọn náà béèrè bí wọ́n ṣe máa ṣe omi mímu wọn. Ìdajì lítà ní wákàtí kan ni mo máa ń sọ fún èèyàn tí ara rẹ̀ le. Fọ́ọ̀mù ìlera kékeré kan, kí ó wà nínú àpò olùkọ́, kí ó má sí lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Arìnrìn, ṣé ẹ ti gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún inú igbó? Wákàtí 16 ni, òpin ọ̀sẹ̀ kan. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá rí i lórí ìwé yín, ọkàn wọn á balẹ̀.

ArìnrìnLaurel

Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ fún un, mà. Ó máa parí kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nLanham

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ dárúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wọ igbó ilẹ̀ yìí nítorí pé a ò mọ irú ojú tí wọ́n máa fi wò wá níbẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ti dàgbà, ó ga, ó dúdú. Mi ò fẹ́ kó dá wọ igbó lọ ní ìdájí. Ẹ máa pè é ní ìbẹ̀rù, mo gbà.

Ìdí rèé tí kíláàsì fi dáa. Èèyàn mẹ́wàá tó ń rìn pọ̀ pẹ̀lú olùkọ́ tó ní káàdì kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́rùn, ìyẹn yàtọ̀. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Rue Mapp dá ẹgbẹ́ Outdoor Afro sílẹ̀ ní 2009 ní California fún ohun tá à ń sọ yìí.

Àbá tèmi: kí ìrìn àkọ́kọ́ jẹ́ ti Sandy Spring, ní Woodlawn Manor. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí bí àwọn ẹrú ṣe ń sá lọ sí òmìnira, nǹkan bíi máìlì méjì ní àlọ, kò ga, kò jìnnà sí Laurel. Maryland yìí náà ni Harriet Tubman, tóun náà jẹ́ ẹrú, ti sá lọ ní 1849, tó tún ń padà wá kó àwọn ẹlòmíì. Òru ni wọ́n ń rìn, láìsí máàpù, láìsí bàtà gidi. Bí ẹ bá ti rin ibẹ̀, tí ẹnìkan bá tún sọ pé igbó kì í ṣe ti ènìyàn dúdú, ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa dá a lóhùn.

ÌyáÌbejì_Bowie

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, Arìnrìn.

ỌmọÌdànrè

Mo gbà fún Ẹ̀gbọ́n. Canal á di ìkejì.

Ẹ̀gbọ́nLanham

Ọjọ́ ńkọ́? Sọ́ńdè kò ṣeé ṣe, ẹ mọ̀ bí ìsìn wa ṣe gùn tó.

AláwadàKan

Sátidé náà ńkọ́? Ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń ṣègbéyàwó jù. Aṣọ ẹbí mẹ́ta ló wà lára ògiri mi báyìí. Ta ló máa fi ẹsẹ̀ tó ti gun òkè jó?

ÌyáÌbejì_Bowie

Òde tí wọ́n kọ aago mẹ́ta sí tó jẹ́ pé aago mẹ́fà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ kó wa jáde ní aago méje àárọ̀ Sátidé, ká padà ní ọ̀sán gangan. Màá wẹ̀, màá sùn díẹ̀, màá wé gèlè, màá sì tún bá wọn níbi tí wọ́n ti ń to àga.

Tíṣà_Baltimore

Aago méje ti yá jù fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru. Mẹ́jọ.

ArìnrìnLaurel

Mẹ́jọ ni. Ọ̀rọ̀ kíláàsì ló kù. Mo fẹ́ kọ́ wọn ní máàpù ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, máàpù ìjọba tó ń fi ìlà hàn bí ilẹ̀ ṣe ga. Ṣé ó pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà_Baltimore

Kò pọ̀ jù. Tèmi ni pé kí kíláàsì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ méjì. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀.

ỌmọÌdànrè

Tíṣà, mi ò bá yín dé ibẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan tó. Lábẹ́ iná kíláàsì, ìlà máàpù kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e dání ní Sugarloaf, kí wọ́n rí ibi tí àwọn ìlà ti súnmọ́ra, kí itan wọn sì sọ fún wọn ohun tó túmọ̀ sí. Àmì ara igi náà, ojú ọ̀nà la ti ń kọ́ ọ. Lórí Appalachian Trail, ọ̀nà ẹsẹ̀ gígùn tó gba Maryland kọjá, ọ̀dà funfun ni, íǹṣì 2 níbùú, 6 lóòró. Ọ̀dà búlúù ni ti ọ̀nà tó yà. Bí ẹ bá rí méjì lórí ara wọn, ọ̀nà fẹ́ yí nìyẹn. Kí ẹ ní kí ẹlòmíì máa ṣíwájú ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ wà lẹ́yìn pátápátá, kó dákẹ́ títí wọ́n á fi kíyè sí i pé àwọn kò rí ọ̀dà mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ wọn nínú kíláàsì ni ìṣirò àkókò. Naismith, ará Scotland, fi lélẹ̀ ní 1892: wákàtí kan fún máìlì 3, kí a fi wákàtí kan kún un fún 2,000 ẹsẹ̀ bàtà tí a bá gòkè. Ẹ gbé máìlì 5 tó ní ìgòkè 800. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú fún ìrìn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 24 fún òkè, ó ti lé ní wákàtí méjì. Naismith kò bá àwọn Yorùbá rìn rí. Pẹ̀lú fọ́tò, pẹ̀lú ìkíni, pẹ̀lú "ẹ dúró kí n so okùn bàtà", ẹ pè é ní mẹ́ta àbọ̀. Nígbà náà ni kí ẹ dá aago tí ẹ máa yí padà, kí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gbéra. Bó bá lu, ẹ yí padà, kódà bó bá ku ìṣísẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí aago padà, ilẹ̀ máa ń ṣú ní nǹkan bí aago márùn-ún. Ìgbà ọdẹ sì ni. Ẹ fi aṣọ aláwọ̀ ọsàn kún ohun tí wọ́n máa mú wá.

AláwadàKan

Ìbéèrè tó kù: oúnjẹ. Ṣé a lè gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wọ igbó?

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ lè gbé e. Ẹ kó eegun adìẹ yín padà sílé nínú ọ̀rá. Èèpo ọsàn náà. Kì í tètè jẹrà níbí, ẹranko á sì máa tọ òórùn rẹ̀ wá sójú ọ̀nà.

ArìnrìnLaurel

Ẹ ṣé, gbogbo yín. Èyí ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ bá mi wò ó kí n tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì:

"Ìrìn inú igbó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan nínú kíláàsì, Sátidé márùn-ún níta, aago 8 àárọ̀ sí ọ̀sán. A ó rin Sandy Spring, ojú ọ̀nà C&O Canal, Patapsco, Sugarloaf, àti Annapolis Rock lórí Appalachian Trail. Ìrìn àkọ́kọ́ kò ju máìlì 4 lọ, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ nǹkan bíi máìlì 5, ó ní òkè àti òkúta. Ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń ka máàpù àti àmì ara igi, bí a ṣe ń ṣírò àkókò, bí a ṣe ń dènà eégbọn, àti ìgbà tó yẹ kí a yí padà. Kálukú ni yóò wa ọkọ̀ ara rẹ̀. Ẹni ọdún 18 sókè."

Tíṣà_Baltimore

Ó dáa. Ẹ fi bàtà kún un. Ẹ kọ pé kò pọn dandan kí wọ́n ra bàtà òkè olówó ńlá, bàtà eré tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì mú ilẹ̀ ti tó fún mẹ́rin àkọ́kọ́. Owó bàtà ló ń lé èèyàn sá.

ỌmọÌdànrè

Annapolis Rock, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò létí àpáta. Nǹkan míì kò sí.

ÌyáÌbejì_Bowie

Ọ̀pá ńkọ́? Ṣé kí n ra èyí tí àwọn òyìnbó ń mú dání ní méjì méjì?

ArìnrìnLaurel

Yóò ran orúnkún yín lọ́wọ́ ní ìsọ̀kalẹ̀, mà. Ẹ má tíì rà á. Mo ní méjì nílé tí mi ò lò, ẹ fi dán an wò ní Patapsco ná. Mo fẹ́ fi ìwé náà ránṣẹ́ lálẹ́ yìí. Bí wọ́n bá gbà á, màá gbé àdírẹ́sì ibi ìforúkọsílẹ̀ síbí. Lọ́dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kí ẹ ti sanwó o, ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi.